Òótọ́ Dọ́jà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí bí ẹni tí ó ti gba kámú: ayé kò fẹ́ òótọ́, kí olúkúlùkù wá ọgbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ó mú kí òótọ́ kùtà? Ṣé ẹni tí ó gbé e wá ni, àbí ẹni tí ó díye lé e?

Ẹni tí ó bá ná ọjà Ìlobù, tàbí ti Ifọ̀n tí ó múlé tì í, yóò rí obìnrin tí ó pàtẹ èlùbọ́. Ojú lásán kò lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú èlùbọ́. Bí òjò bá pa á níbi tí a sá a sí, tí ó bu, tí a sì lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tí ó gbẹ, orí iná ni oníbàárà yóò ti mọ̀. Ìdí nìyí tí ìyá kan fi ń ní oníbàárà tí kì í ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Sùúrù tí ojú wọn kò tó ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kọfí rí. Ọ̀nà kan tí a ń gbà tọ́jú rẹ̀ ni kí a bó ara èso náà kúrò, kí a fi omi fọ hóró rẹ̀ kí a tó sá a. Ọ̀nà kejì, tí ó lọ́jọ́ lórí jù, ni kí a sá èso náà sóòrùn lódindi, tèèpo-tèèpo, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. A ó máa yí i padà lójoojúmọ́, a ó máa ṣa èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, a ó sì máa bò ó nígbà òjò. Bí a bá ṣe é tọkàntọkàn, adùn èso yóò hàn nínú kọfí náà. Bí a bá wọ́ ọ jọ láìtíì gbẹ, yóò bu. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń fojú ọjà ẹ̀dínwó wo kọfí tí a sá báyìí. Lónìí, a rí èyí tí ó wọ́n gan-an nínú rẹ̀. Oòrùn kò yí padà. Ìtọ́jú ni ó yàtọ̀.

Ta ni yóò wá san owó ìtọ́jú yìí? Ìtàn kòkó nílẹ̀ wa là wá lóye. Láti ọdún 1947 tí ìjọba amúnisìn ti dá bọ́ọ̀dù tí ń ra kòkó sílẹ̀, títí di 1986 tí a pa irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ rẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa yẹ kòkó wò. Èyí dára. Àmọ́ iye tí àgbẹ̀ ń gbà sábà máa ń kéré sí iye tí kòkó ń mú wá lókè òkun. Ìjọba ni ó ń ná ìyókù. Lẹ́yìn 1986, owó àgbẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó lówó lọ́wọ́ di oníṣòwò kòkó. Tútù àti gbígbẹ bọ́ sínú àpò kan náà, iyì tí kòkó Nàìjíríà ní lókè òkun sì rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù wo ojú kòkó, kò wo ojú àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ojú kòkó mọ́. Ààbọ̀ òdodo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe.

Ní Etiópíà, níbi tí kọfí ti ṣẹ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Asnakech Thomas dá ilé iṣẹ́ kọfí tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ó ń ra èso lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré ní agbègbè Amaro tí a ti bí i, ó sì ń fi kọfí náà ránṣẹ́ sókè òkun ní orúkọ Amaro gan-an. Orúkọ yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Bí kọfí náà bá dára, a mọ ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Bí ó bá bu, a mọ ẹni tí a ó bi. Ipò ẹlẹ́lùbọ́ ọjà Ìlobù ni ó wà, bí òkun tilẹ̀ wà láàrin òun àti oníbàárà.

Ẹnìkan lè sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: báwo ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń dúró de owó ilé ìwé yóò ṣe sá èso fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìní kò sọ ohun tí ó bu di ohun tí ó gbẹ. Ohun tí àìní ń ṣe ni pé ó ń pín ẹ̀bi. Ẹni tí ó bá san iye kan náà fún ẹni tí ó fara balẹ̀ àti ẹni tí ó kánjú ti ra èké, kódà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá purọ́. Òwe àwọn àgbà kò parọ́. Àwa ni a ń sọ ìkìlọ̀ wọn di òfin ọjà.