Ta Ló Ń Pinnu Ohun Tí Ọkọ̀ Wà Fún? Ọ̀rọ̀ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Tí Wọ́n Rẹ Ìdí Rẹ̀ Sílẹ̀

Píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1967 sí 1972 kì í tẹ́jú nígbà tó bá ṣófo: ìdí rẹ̀ máa ń ga ju iwájú lọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹrù ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì fi sípíríǹgì tó le sí ẹ̀yìn, pé ìgbà tí pákó tàbí símẹ́ńtì bá wọ ibẹ̀ ni ọkọ̀ á tó dọ́gba. Ẹni tó bá wá rẹ ìdí náà sílẹ̀ ti ta ko ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìbéèrè tí ìyẹn gbé dìde ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí: ta ló ni àṣẹ láti sọ ohun tí nǹkan àfọwọ́ṣe wà fún, ẹni tó ṣe é ni àbí ẹni tó ń lò ó?

Aristotle, ará Gíríìsì, fa ìlà sáàárín ohun tó hù fúnra rẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ ṣe, nínú ìwé kejì iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Physics. Ó mú àpẹẹrẹ kan tí Antiphon ti lò ṣáájú rẹ̀: bí wọ́n bá ri ibùsùn onígi mọ́lẹ̀, tó jẹrà, tó sì hù, igi ni yóò hù, kò ní hu ibùsùn. Ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni jíjẹ́ ibùsùn ti wá. Ẹrù rírù kò sí nínú irin píkọ́ọ̀pù bákan náà. Èèyàn ló fi sí i, èèyàn mìíràn sì lè yọ ọ́ kúrò. Dé ibí yìí, ẹni tó ni ọkọ̀ ló jàre. Àmọ́ àpẹẹrẹ náà ní apá kejì tí a kò gbọdọ̀ fò: igi kò yéé jẹ́ igi. Irin náà kì í yéé jẹ́ irin nítorí pé ẹni tó ni ín ti yí ọkàn padà.

Iṣẹ́ rírẹ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi èyí hàn kedere. Sípíríǹgì onílílọ́ ló wà lẹ́yìn èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn C10 yẹn, nítorí náà, kí wọ́n fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀ ló rọrùn jù. Ti píkọ́ọ̀pù Ford F-100 yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni sípíríǹgì tirẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni irin ìdí tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ wà. Wọ́n á gbé irin ìdí yẹn wá sórí sípíríǹgì, ọkọ̀ á sì wálẹ̀. Ìgbà náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Irin ìdí ti sún mọ́ ṣásí, bí táyà bá kó sí kòtò, méjèèjì á forí gbárí. Bí ìrẹ̀sílẹ̀ náà bá pọ̀, wọ́n ní láti gé ṣásí ní ìrísí ààbọ̀ òṣùpá lókè irin ìdí, kí wọ́n sì fi irin nínípọn ti ojú ibi tí wọ́n gé. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ti gùn jù. Pòrópẹ́là kò dúró bó ṣe yẹ mọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí eré. Ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí irin ìdí C10 yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá fà á sí apá kan. Ẹni tó bá sì fi iná gáàsì gé sípíríǹgì dípò kó pààrọ̀ rẹ̀ ti ba líle irin náà jẹ́, ojú lásán kò sì lè rí i.

Àwọn kan ní irọ́ ni ìrísí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ó ṣófo, ó sì dúró bí ẹni tó rẹrù. Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ Chicano ní Los Angeles, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, ń kó àpò iyanrìn sí búùtù ọkọ̀ àlòkù kí ìdí rẹ̀ lè wálẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wá eré àsápajúdé, ìrìn jẹ́jẹ́ tí gbogbo àdúgbò á fi rí wọn ni tiwọn. Ní Chimayó, New Mexico, David Jaramillo àti ẹbí rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí Ford LTD ọdún 1969 kan títí ó fi di ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ń tọ́jú. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Iyì àti ìpàdé ẹbí ni wọ́n sọ ọkọ̀ dà, ojúlówó ìlò sì ni.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé apá kankan lára ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rííìmù lọ. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: bí táyà bá bẹ́, ohun tó bá rẹlẹ̀ ju rííìmù ni yóò máa ha títì. Ṣùgbọ́n àwọn Chicano ké gbàjarè pé àwọn ni ọlọ́pàá ń fi òfin yẹn dá dúró kiri. Ìpínlẹ̀ náà fagi lé òfin ọ̀hún láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó wá ku ẹni tó ni ọkọ̀ láti wọn ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀.

Òun náà ló sì yẹ kó wọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tó gé ṣásí ti di ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ṣe ọkọ̀ náà. Gbèsè tí ilé iṣẹ́ jẹ gbogbo ẹni tó wà lójú títì ti bọ́ sí i lọ́rùn, títa ọkọ̀ kò sì pa gbèsè náà rẹ́. Ẹni tó bá rà á yóò rí ẹ̀yìn tó fẹ̀, yóò sì fẹ́ di símẹ́ńtì sí i. Ó yẹ kí olùtajà sọ iye íǹṣì tó fi rẹlẹ̀, irú sípíríǹgì tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ti ojú ibi tí wọ́n gé, àti ẹrù tí ọkọ̀ náà kò lè rù mọ́. Bí sípíríǹgì àkọ́kọ́ bá ṣì wà nílé, kó fi lé olùrà lọ́wọ́, nítorí ó lè wù ú kí píkọ́ọ̀pù náà tún máa rẹrù, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sì ni láti pinnu bẹ́ẹ̀.