Ọ̀ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ bá ti ń lọ sí ìparí, tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù náà, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ dà. Èròjà aláwọ̀ ewé tí igi fi ń gba agbára oòrùn ni ó ń tú ká. Àwọ̀ ìyeyè tí ó ti fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ewé ti yọ á sì wá hàn síta. Pupa ní tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tuntun tí àwọn igi kan ń ṣe ní àkókò yẹn gan-an. Bí igi ti ń bọ́ aṣọ ni àwọn ènìyàn ń wọ aṣọ fún ilé wọn. Elégédé rìbìtì-rìbìtì á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wọn á so ṣírí àgbàdo gbígbẹ, pupa, funfun àti dúdú, mọ́ òpó. Wọn á hun ẹ̀ka àti ewé ní òrùka kọ́ sára ilẹ̀kùn. Nínú ilé, àbẹ́là á máa tàn, aṣọ ìbora tí ó nípọn á sì wà lórí àga.

Àwọn ará wa tí ó ń gbé ní Baltimore, ní New York tàbí ní Chicago kò lè ṣe kí wọ́n má rí i. Ọmọ á ti ilé ìwé dé, á ní àwọn náà fẹ́ elégédé sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ á bi í pé, "Ṣé oúnjẹ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ níbí ni?" Ọmọ á ní, "Mọ́mì, gbogbo àdúgbò ló ti gbé tiwọn síta." Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?

Ẹ̀sùn ìyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi oúnjẹ ṣeré. Ọmọ tí ó bá ń fi òkèlè ya ilẹ̀ á gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó tọ́ wa mọ àwọn oṣù tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun kò sì tí ì ta. Ẹni tí ó mọ ìyàn kì í fi iyán ṣeré. Pé kí oúnjẹ máa jẹrà lójú agbo lẹ́nu ọ̀nà ẹni, kí a sì pè é ní ẹwà, ó ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè irú elégédé tí à ń sọ. Ìpínlẹ̀ Illinois ni ó léwájú nínú gbígbin elégédé ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ ni a sì ń dì sínú agolo fún jíjẹ. Irú èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yàtọ̀ sí i. Àgbẹ̀ kan ní Massachusetts tí ń jẹ́ John Howden ni ó ṣa irú rẹ̀ kan tí ó lókìkí jọ, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní: ọrùn rẹ̀ le, èèpo rẹ̀ dúró dáadáa fún gbígbẹ́, ṣùgbọ́n ẹran inú rẹ̀ kún fún omi àti okùn, kò sì dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ojú ni wọ́n gbìn ín fún, bí a ti ń gbin òdòdó. Èyí kò pa ẹ̀sùn ìyá run, ó kàn ṣí i nípò ni: kì í ṣe oúnjẹ ni a fi ṣòfò mọ́, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ìbá so oúnjẹ. Ní tèmi, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ènìyàn fún ojú ní ìpín tirẹ̀. Àwọn obìnrin Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè fún ọdún rẹ̀ mọ̀ pé òjò á fọ ọ̀dà náà dànù, wọ́n sì ń tún un kùn.

Ohun tí ó wú mi lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tí ọ̀ṣọ́ náà kọjú sí. Títì ni ó kọjú sí. Onílé tí ó bá jókòó nínú pálọ̀ kò lè rí elégédé rẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìkan ni ó ń wò. Ẹni tí ń kọjá ni ó ń rí i. Kí ni onílé wá ń sọ fún ẹni tí ń kọjá?

Àwa Yorùbá kì í gbé ìgbà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ni a fi ń gbé e. Ẹ kú òjò. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ooru. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹni tí òjò ń pa kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé òjò ń rọ̀. Ohun tí ìkíni náà ń sọ ni pé, ohun tí ó bá ọ ni ó bá mi, mo sì rí ọ nínú rẹ̀. Ní àdúgbò tí ènìyàn ti ń ti inú ilé bọ́ sínú ọkọ̀, tí a lè gbé ọdún márùn-ún láìmọ orúkọ ẹni tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwa, ta ni yóò kí ta ni? Mo gbà pé elégédé yẹn ni ìkíni tí ó kù fún wọn. "Ẹ kú ìwọ́wé" ni ó ń wí.

Bí ó bá sì jẹ́ ìkíni, a lè fi òfin ìkíni gbé e yẹ̀ wò. Ìkíni ní àkókò. Ẹni tí ó bá kí mi ní "ẹ kú òjò" láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń fi mí ṣe. Ohun tí àwọn ilé ìtajà sì ń ṣe nìyẹn, tí wọ́n ń pàtẹ ewé pupa oníke nígbà tí oòrùn oṣù Ògún ṣì ń jó ni lára. Ewé oníke kò lè wọ́. Wọn á kó o sínú páálí, wọn á gbé e sókè àjà, wọn á tún mú un jáde lọ́dún tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu kan náà. Elégédé tí ń jẹrà sàn jù ú lọ lójú mi.

Ìkíni tún ní ẹni tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sín òyìnbó jẹ yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òyìnbó pàápàá yá a ni. Ní Ireland àti Scotland, tọ́nípù ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe fìtílà ní òpin oṣù Ọ̀wàrà. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọn dé Amẹ́ríkà ni wọ́n bá elégédé tí ó tóbi tí ó sì rọrùn láti gbẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó ti ń gbin elégédé àti àgbàdo láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. A lé púpọ̀ nínú wọn kúrò lórí ilẹ̀ náà, a wá so ìkórè wọn mọ́ òpó. Ọdún 1863 ni Ààrẹ Lincoln kéde ọjọ́ ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà láàárín ogun abẹ́lé. Láti 1970 ni àwọn kan lára ọmọ onílẹ̀ sì ti ń pé jọ sí Plymouth ní ọjọ́ náà gan-an láti ṣọ̀fọ̀. Ibi yìí ni ìyá tí ó ń bínú ìbá ti rí ẹ̀sùn tí ó wúwo ju ti oúnjẹ lọ, bí ọmọ rẹ̀ bá bi í pé oko ta ni àgbàdo yìí ti wá.

Ṣé kí ó ra elégédé náà? Kí ó rà á. Kí wọ́n má ṣe gbẹ́ ẹ, nítorí pé èyí tí a bá gbẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, èyí tí a kò fi ọ̀bẹ kàn sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí òtútù bá ti le, kí wọ́n là á, kí wọ́n yan hóró inú rẹ̀ jẹ, kí wọ́n gbìyànjú ìyókù nínú ọbẹ̀ alata. Bí kò bá dùn, àwọn olóko tí ń sin ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ènìyàn.