Ọ̀ṣẹ́tuá: Ẹni Tó Ni Omi Ńkọ́?

  

Ọ̀ṣẹ́tuá ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí. Mi ò ní ki ẹsẹ rẹ̀, ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: "Bàbá, mo gbọ́ pé àdéhùn kan wà tí gbogbo ayé fi ń dáàbò bo àbàtà àti odò. Bí a bá fi Ọ̀ṣun sínú ẹ̀, ṣé omi rẹ̀ ò ní mọ́ padà?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn Irúnmọlẹ̀ wá tún ilé ayé ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ọkùnrin ni mẹ́rìndínlógún, obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Ọ̀ṣun sì ni. Wọ́n dé ayé, wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Eégún, wọ́n la igbó Ifá. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń pín iṣẹ́, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i. Ọ̀ṣun náà ò bá wọn jà. Ó jókòó tiẹ̀ jẹ́ẹ́. Àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, kò yanjú. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgàn ò bí, aláìsàn ò dìde. Wọ́n bá gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Olódùmarè, ìbéèrè kan péré ló bi wọ́n: ẹnì kẹtàdínlógún yín ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun tán, tí ó bí Ọ̀ṣẹ́tuá, tí ọmọ náà sì ń bá wọn lọ, ìgbà yẹn ni ayé tó gún.

Púpọ̀ nínú wa máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni nípa ipò obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ta ni wọ́n fi sílẹ̀? Ẹni tó ni omi. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pààlà igbó, wọn ò bi omi léèrè ọ̀rọ̀.

Ó yá, àdéhùn tí ọmọ wa ń sọ. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ fara da ọjọ́ àti orúkọ fún mi. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 1971, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 18 pàdé ní ìlú Ramsar, létí Òkun Caspian ní ilẹ̀ Ìráànì, wọ́n sì fẹnu kò. Ẹyẹ omi ló kọ́kọ́ ká wọn lára. Ẹyẹ tó bá sá fún òtútù ní Yúróòpù tó ń fò bọ̀ ní Áfíríkà, ìjọba kan ò lè dá nìkan ṣọ́ ọ. Bí àbàtà tó fẹ́ balẹ̀ sí lójú ọ̀nà bá ti gbẹ, ó parí nìyẹn. Wọ́n wá ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ilẹ̀ olómi rẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ní, kó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Ilẹ̀ olómi tí wọ́n wí yìí ju àbàtà lọ o. Irà wà níbẹ̀, odò, adágún, ọ̀sà, títí dé etí òkun níbi tí omi ò bá ti jìn ju mítà mẹ́fà lọ nígbà tí òkun bá fà. Wọn ò sì ní kí ènìyàn má fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọ́n ní ni pé ká fi ọgbọ́n lò ó: ẹ pẹja, ẹ gbin ẹ̀fọ́, ẹ má ṣáà lò ó pa. Ẹ̀yin tí bàbá yín dá àkúrò lẹ́ẹ̀rùn rí, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí yín.

Orúkọ tó wà nínú ìwé náà ti lé ní 2,400 káàkiri ayé báyìí. Nàìjíríà wọ àdéhùn náà ní 2001, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn ìpàdé Ramsar. Ibi 11 ni tiwa. Adágún Nguru wà níbẹ̀, Oguta wà níbẹ̀, apá tiwa nínú adágún Chad náà wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kò sí ẹyọ kan. Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti gba iwájú wa: ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, àti adágún Nokoué tí wọ́n kọ́ Ganvié sórí rẹ̀, ti wà nínú ìwé láti ọdún 2000.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ á ní kí ló wá ń dá wa dúró. Ẹ jẹ́ ká yà ní Nguru ná, ká tó padà wálé. Ọ̀nà jìn, Yobe ni, ilẹ̀ gbígbẹ tó ti súnmọ́ aṣálẹ̀. Odò Hadejia àti Jama'are ló ń bọ́ àbàtà tó wà lágbègbè yẹn. Ṣùgbọ́n lókè odò, ní ìhà Kano, wọ́n sé omi ní Tiga ní 1974, wọ́n tún sé e ní Challawa lẹ́yìn náà, kí oko lè rí omi, kí ará ìlú sì rí omi mu. Mi ò bú wọn, òùngbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àmọ́ ìkún omi tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún nísàlẹ̀ dín kù. Koríko typha gba ojú omi, ó dí ọ̀nà ẹja, ó dí ọ̀nà ọkọ̀. Orúkọ Nguru ṣì wà nínú ìwé gbagidi. Ibi tí wọ́n pààlà sí ni wọ́n kọ sílẹ̀, omi tó ń bọ̀ wá bá a láti òkè, apá ìwé ò ká a.

Ẹ wá wo Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni igbó Ọ̀ṣun. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, bá àwọn tó fẹ́ gé e jà títí, UNESCO sì gbà á sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ìwé yẹn yàtọ̀ sí ti Ramsar o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Nínú igbó náà, a kì í gé igi, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pa ẹja. Èèwọ̀ ni, ó sì ń múlẹ̀. Ṣùgbọ́n odò ò bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣàn wá, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ń wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn awawúrà ti ń gbẹ́ etí omi, tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú odò. Omi tí ó ń dé Òṣogbo wá dà bíi tíì oní-mílíìkì. Ní 2022, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun gan-an, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń fi omi tútù wo ọmọdé sàn, wọ́n ní kí á má mu omi rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún rẹ̀.

Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo fúnra rẹ̀, àdéhùn ni. Ọ̀dá omi ló lé Lárò àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé. Wọ́n dé etí Ọ̀ṣun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi, igi kan wó sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró òrìṣà. Omi fọhùn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí sókè, kí wọ́n fi etí odò sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín; òun náà á máa ṣọ́ wọn. Oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja, ẹ̀rí àdéhùn yẹn ni. Ẹ kíyè sí i: omi wà níbi ìpàdé yẹn, ó sì sọ tẹnu rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí, ọmọ mi. Mo fara mọ́ ọn kí orúkọ Ọ̀ṣun wọ ìwé Ramsar. Àmọ́ kó má jẹ́ igbó nìkan. Kó jẹ́ láti Ìgèdè títí dé ibi tí ó ti wọ ọ̀sà ní Lẹ́kí, kí àwọn tó ń gbé lókè odò sì wà lórí ìjókòó. Àdéhùn yẹn ò ní ọlọ́pàá. Ohun tí ó ní ni ìwé kejì, tí wọ́n ń pè ní ìwé Montreux, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ilẹ̀ olómi tó ń bàjẹ́ sí, kí ayé lè rí i. Ìtìjú ni pàṣán rẹ̀. Èèwọ̀ tiwa náà ò ní ọlọ́pàá, ẹni tó bá bẹ̀rù òrìṣà nìkan ló ń dè, awawúrà tí kò mọ Ọ̀ṣun ò bìkítà. Ẹni tí ẹ̀rù òrìṣà ò bá, bóyá ojú ayé á tì í. Mo fẹ́ kí a ní méjèèjì.

Ọwọ́ tiwa náà ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi, ó ra ilẹ̀ àbàtà, ó ti da tipper iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó fẹ́ ká rúbọ kí omi má wọlé. Mo dá Ifá fún un. Mo ní kó wá ilẹ̀ mìíràn, mi ò gba owó ẹbọ náà, nítorí omi á padà wá ibùsùn rẹ̀. Ìbàdàn ò tíì gbàgbé Ògùnpa 1980. Inú bí i, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, irú owó báyìí, ẹ jẹ́ ká máa kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bọ Ọ̀ṣun, ẹ da oyin sílẹ̀, ẹ gbé ìgò padà sílé. Ẹ̀kọ àti yánrìn, inú ewé tàbí igbá ni kí ẹ gbé e sí, Ọ̀ṣun ò bèèrè ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ fẹ́ omi àgbo fún ọmọ, ẹ pọn omi kànga tó mọ́, ẹ gbé e dé iwájú ojúbọ, kí ìyá olórìṣà súre sí i, ẹ wá gbé e lọ sílé. Lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ ti tọrọ ọmọ yẹn, ẹ má fún un ní omi tí wọ́n fi fọ wúrà mu.