Ẹ Gbójú Sókè Wo Ìkúùkù

Nínú Súrátù Núúrù, àáyà 43, Ọlọ́hun pè wá kí á wo bí Òun ṣe ń da ìkúùkù lọ, tí Ó ń kó o jọ, tí òjò fi ń ti inú rẹ̀ jáde. Ní ìgbà òjò, àwa ará Fìdítì àti Ìlọrà mọ ìkúùkù àárọ̀ tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè ràn. Ní 2016, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Ẹni tó wà lókè ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń lò. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú máa ń gbé irú pupa kan mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí ìkúùkù bá wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kàn án tó sì ta padà ti gba inú ọ́síjìn púpọ̀ kọjá, pupa yẹn á dín gan-an. Bí ó bá ga, díẹ̀ ló máa dín. Báyìí ni DSCOVR, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 2015, ṣe wọn gíga ìkúùkù láti nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà. (Bí ìkúùkù bá fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wọnú rẹ̀ kí ó tó padà, òṣùwọ̀n á sì fi í sísàlẹ̀ ju bó ṣe wà lọ.)

Àwọn kan nínú wa á ní ó ti wà nínú Àlùkùránì tipẹ́. Ó dáa, ta ló jókòó ṣírò rẹ̀? Ibn Mu'adh, àlùkáálì ará Andalus ní ọ̀rúndún kọkànlá, jókòó: ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́jú àti ti àṣálẹ́ ló fi ṣírò gíga òfúrufú. Ó ń dùn wá pé ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ń fi físíìsì sílẹ̀ pé kò kan ẹ̀sìn. Ìmọ́lẹ̀ tó tú ká lófúrufú, nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò tíì yọ, la fi ń mọ̀ pé àkókò ìrun Àsúbáà ti wọlé.