Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì tí àjọ JAMB ń ṣe bá ti jáde, ìlú Ìlọrin máa ń pín sí méjì láàárín ọjọ́ kan. Ní Tánkẹ̀, ní Pákátà, ní Adéwọlé, fóònù á máa dún láti ilé dé ilé. Ìyá kan á bọ́ síta, á máa ké “Alhamdulillah!” kí gbogbo àdúgbò lè bá a yọ̀. Ní ilé kejì, ọmọ á sọ fún bàbá rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, pé èsì òun kò tíì wọlé. Èsì ti wọlé láti àárọ̀. Ọmọ ti kà á tán, ó sì ti pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kejì yìí ló jẹ mí lógún, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Lọ́dún 2025, èsì 1,955,069 ni JAMB gbé jáde. Nínú wọn, ó lé ní 1,500,000 tí kò gba tó 200 nínú 400. Ẹni tó tilẹ̀ gba 200 kò tíì lè fọkàn balẹ̀. Yunifásítì Ìlọrin, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, wà lára àwọn tí ọmọ Nàìjíríà ń yàn jù lọ, àyè tó wà níbẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò tó ń kanlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kọ JAMB lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ parí girama ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, níbo ló dúró nínú ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí? Bí a ṣe ń ṣe láàárín ìlú lónìí, ó jọ pé ẹni tó yege nìkan la fún ní orúkọ náà. A ń pè é síwájú, a ń gbé àga fún un. Èmi gbà pé ọjọ́ tí nǹkan kò bọ́ sí i fún ènìyàn ni a ń mọ irú ọmọ tó jẹ́. Ìkùnà kò ba ọmọlúàbí jẹ́. Irọ́ tí a fi bo ìkùnà mọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Yorùbá ka ìtìjú mọ́ ìwà ọmọlúàbí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ojú kì í tì, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n olè, irọ́, àbòsí àti àìmọ̀wàáhù ni ohun tí ojú fi ń ti ọmọlúàbí. Ẹni tó ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí, kí ló jí gbé? Àwa ni a ṣí ìtìjú nídìí. Ojú kò tì wá mọ́ láti ra ìdáhùn tí wọ́n ń tà lórí WhatsApp lóru ọjọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá láti sọ pé 160 ni ọmọ wa gbà. Àwọn kan tilẹ̀ ń pa á lówe létí ọmọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹ̀sín tí àwọn àgbà ń sọ ni èyí tí ìwà burúkú ń fà sí ọrùn ìdílé. Wọn kò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni kú nítorí máàkì.

Lọ́dún 2023, ọ̀dọ́ kan gba 249 nínú ìdánwò yìí. Máàkì tó dára ni. Ọ̀pọ̀ ilé ni ì bá fi ṣe sàráà. Àfi bí ó ṣe gbé èsì ayédèrú jáde, tí 362 wà lórí rẹ̀. Ariwo ayọ̀ gba ìlú kan fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó yẹ ìwé wò tí àṣírí fi tú. JAMB fagi lé èsì náà, wọ́n sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò wọn fún ọdún mẹ́ta. Ọmọdé ni, n kò sì mẹ́nu bà á láti tún dá a lẹ́jọ́. Ohun tó ń ká mi lára ni pé 249 kò lè ṣe é ní nǹkan kan. 362 tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kó o sí wàhálà.

Irọ́ kan náà ni ti ọmọ tó kúrò nílé pé òun ti wọ yunifásítì, tó gba yàrá sí Tánkẹ̀, tó ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí ní sáà dé sáà, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ọdún mẹ́rin á pé, òbí á béèrè ọjọ́ ìgboyè. Ọmọ yìí kò tijú ohun tó yẹ kó tijú, ó ń tijú ohun tí kò yẹ kó tijú. Ọdún tí ì bá fi tún ìdánwò ṣe ló fi tọ́jú irọ́.

Ẹ wá wo àgbà kan tó ṣubú lójú ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede kì í ṣe àjèjì ní Ìlọrin: Yunifásítì Ìlọrin ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti ṣe olùkọ́, òun sì ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀ láti 2007 sí 2012, kí ó tó di ọ̀gá JAMB ní 2016. Nígbà tí èsì 2025 jáde, igbe ta. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé sọ pé máàkì tí àwọn rí kì í ṣe tàwọn. JAMB tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé lóòótọ́ ni àṣìṣe wà. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ipò àwọn ìdáhùn kò dé orí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀rọ sì ń fi ìdáhùn kan wé ìbéèrè mìíràn. Ọmọ 379,997 ní ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Oloyede jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe, ó gba ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún.

Àwọn kan ní omijé kò tó, pé ó yẹ kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwọn ọmọ yẹn ti jìyà ohun tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, àtúnṣe kò sì lè kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Èmi pẹ̀lú gbà pé omijé nìkan kò tó, nítorí bí ẹkún bá ń tún nǹkan ṣe, Nàìjíríà ì bá ti dára tipẹ́. Ohun tó tẹ̀wọ̀n nínú ìwà náà ni èyí tó yí ẹkún ká. Wọ́n wádìí, wọ́n sọ ohun tó bàjẹ́ àti ibi tó ti bàjẹ́, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà padà sí ìdánwò láti ọjọ́ 16 oṣù kan náà. Ó rọrùn fún ọ̀gá láti sọ pé àwọn ọmọ ni kò kàwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá gbà á gbọ́, torí ohun tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó lè sọ ní gbangba pé “Àwa la ṣì í” ti ṣe ohun tó ṣòro jù lọ nínú ìwà ọmọlúàbí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tó máa wá gbé e dìde. Àgbà ń wo ohun tó gbé e ṣubú. Ọmọ tó kọ JAMB lẹ́ẹ̀mẹrin láì wo ẹ̀yìn, ìdánwò kan ṣoṣo ló ṣe, ó kàn ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin ni.

Bí a bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ ká dé Ẹbu Dàda, ibi ìmọ̀kòkò ní Òkèlele, ní Ìlọrin. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ìyá wọn lẹ́nu iṣẹ́ náà ni. Amọ̀kòkò á dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, á máa gbá a títí amọ̀ á fi kárí. Bó bá le díẹ̀, á bọ́ ọ kúrò, á fi amọ̀ mìíràn kọ́ ọrùn àti ẹnu sí i, á dán an, á sì gbé e sápá kan kó gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á to ìkòkò jọ ní gbangba, wọ́n á kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Èyí tó bá la iná já ni wọ́n ń fi omi èèpo irúgbá pa láró kó lè dúdú.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń la iná já. Òmíràn á bú nínú iná, a ó gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, àpáàdì á sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ ara ìkòkò ló bó yọ, omi ṣì kù nínú amọ̀ nígbà tí iná dé; a kò jẹ́ kó gbẹ tó. Bó bá jẹ́ ìdí ọrùn ló ti já, ìsopọ̀ kò mú ara wọn. Bí apá kan bá nípọn ju ìkejì lọ, iná kò mú wọn dọ́gba, ibi tí wọ́n ti pàdé ló máa sán. Ẹni tó bá kó àpáàdì dànù láì wò ó, irú ìkòkò yẹn náà ni yóò tún bú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Kò sì sí bí a ṣe lè fi aró bo èyí tó sán. Oníbàárà tó mọ iṣẹ́ á fi ìka kan ìkòkò, bó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀.

Ọmọ tó kùnà náà ní àpáàdì tirẹ̀. Ìbéèrè 180 ni JAMB ń béèrè láàárín wákàtí méjì, 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Ọmọ kan mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jókòó ti kọ̀ǹpútà rí, àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Òmíràn yan ẹ̀kọ́ tí kò bá ohun tó fẹ́ kà ní yunifásítì mu. Bó tilẹ̀ gba 280, kò lè wọlé. Ẹlòmíràn ń kó ìdáhùn ọdún tó kọjá sórí láì yé e. Ẹlòmíràn sì wà tí kò kàwé rárá, tó yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní àtúnṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé ọwọ́ ayé àti ọ̀tá, tó ń ti ọ̀dọ̀ àfáà kan bọ́ sí ti òmíràn, kò ní rí èyí tó yẹ kó tún ṣe. Àdúrà dára, ọmọ Ìlọrin kò sì ní fi àdúrà ṣeré. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní ká má wo àpáàdì.

Àṣà kí a wo ẹ̀yìn kí a sì tún un ṣe yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ilé kéwú ti wà ní Ìlọrin tipẹ́ kí yunifásítì tó dé, ìlànà wàláà, pátákó tí ọmọ kéwú fi ń kàwé, sì yé gbogbo wa. Wọ́n á kọ ẹ̀kọ́ sí i fún ọmọ. Bó bá mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ èyí tó kàn. Bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, wàláà kò ní kan omi. Pàṣán wà níbẹ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀kọ́ náà ń dúró de òun. Ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ìparí kéwú, kò sẹ́ni tó ń béèrè iye ìgbà tí wàláà rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa òbí àti aládùúgbò. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Bàbá tó ń ka orúkọ ọmọ Alhaji tòun ti máàkì rẹ̀ sí ọmọ tirẹ̀ létí lówùúrọ̀ lálẹ́ ń kọ́ ọ láti purọ́. Ìyá tó wá ẹni tí yóò bá ọmọ ṣe ìdánwò ti sọ fún un, láì lanu, pé kò lè ṣe é fúnra rẹ̀ láyé. Ẹ jẹ́ kí ilé jẹ́ ibi tí ọmọ ti lè sọ pé “Ẹ̀yin òbí mi, n kò yege,” kí a jókòó tì í, kí a jọ wò ó.

Kí a má sì fi oríkunkun pe sùúrù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ti kọ JAMB títí, tó ti wo ẹ̀yìn, tó ti ṣe àtúnṣe, lè gba ọ̀nà ìdánwò IJMB, tàbí kó lọ sí Kwara Poly, kó sì ti ibẹ̀ wọ yunifásítì. Bó bá sì jẹ́ òfì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ẹ jẹ́ kó hun aṣọ òkè kó hun ún yanjú. Ọmọlúàbí a máa yí ọ̀nà padà láì yí ìwà padà.

Ohun tí ọmọ bá kọ́ lọ́jọ́ tó kùnà ni yóò gbé dé ẹnu iṣẹ́. Ẹni tó fi 362 bo 249 lónìí ni yóò fọwọ́ sí afárá tí símẹ́ńtì rẹ̀ kò pé lọ́la, tí yóò ní ó pé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ láti kékeré láti sọ pé “Ibí ni mo ti ṣì í, bí mo ṣe máa tún un ṣe nìyí,” òun ni ọkàn wa máa balẹ̀ sí ní wọ́ọ̀dù lóru. Bó kọ JAMB lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wọlé, a ó fi ìdùnnú gbé ọmọ wa lé e lọ́wọ́.