Géèmù Wo Ló Yẹ Àgbàlagbà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ fà á, inú ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ Àǹtí mi ti kú ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, fóònù ni wọ́n máa ń gbé. Wọ́n á máa to suwíìtì pupa mọ́ pupa, aláwọ̀ ewé mọ́ aláwọ̀ ewé, títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Candy Crush ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú tirẹ̀: Baba Is You. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, orúkọ tí ará Finland tó ṣe é ní 2019 fún un nìyẹn. Ẹranko funfun kékeré kan ni Baba. Àwọn ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ náà gan-an sì ni òfin. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé ògiri ń dènà, ògiri á dènà. Ṣùgbọ́n bí o bá lè ti ọ̀rọ̀ kan kúrò láàárín gbólóhùn yẹn, òfin ti fọ́ nìyẹn, Baba á gba inú ògiri kọjá. Mo jókòó ti ọmọ náà lọ́jọ́ kan, mo wò títí, mi ò rí ọ̀nà. Ó kàn ti ọ̀rọ̀ kan sápá òsì, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ò rò ó pé ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀yin?" Ó dà bí àlọ́ lójú mi.

Ìyẹn ló gùn mí tí mo fi la ẹnu. Mo ní, "Àǹtí, ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe ń fi eré gbọ́n. Kí ni suwíìtì tiyín ń kọ́ yín?"

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ kọ́ nǹkan? Tí mo bá gbé fóònù yìí sílẹ̀, inú wọ́ọ̀dù tí mo ti jókòó ti bàbá àwọn ọmọ ni ọkàn mi ń padà sí. Mi ò fẹ́ dé ibẹ̀ lálẹ́."

Ẹnu mi wọhò.

Àwa tí a kàwé díẹ̀, bí iṣẹ́ la ṣe ń wo eré, à ń béèrè ohun tó mú wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Ìdúmọ̀tà bọ̀, tó há sínú gosílóò lórí Carter Bridge, tó sọ̀ ní Oyingbo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣé òun ló fẹ́ máa bá ògiri jiyàn? Eré tó le ń fẹ́ orí tó ti sinmi, irú orí bẹ́ẹ̀ sì wọ́n l'Ékòó. Kì í sì í ṣe pé eré líle jẹ́ ẹni mímọ́. Ní alẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ àmúrelé. Èmi náà ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì láàárín ọdún 1990 sí 1999, Brick Game ló gba ọwọ́ mi, ọmọ Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984. Ìyá mi gbá mi létí nítorí rẹ̀, ó tọ́ sí mi.

Ẹ wo àwọn bàbá tó ń ta ayò. Ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan á máa ta, á máa bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ló bá wá. Ẹni tó kọjú sí i ti fi ojú ka ọmọ inú odù tán, ó ti mọ ibi tí ọwọ́ kẹrin máa bọ́ sí. Ọpọ́n kan náà ni o! Ní 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, ṣírò gbogbo bí ọmọ awari, ìbátan ayò, ṣe lè jókòó sójú ọpọ́n: ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ọwọ́ ta, ọ̀mì ni. Àwọn bàbá wa ò tìtorí ìyẹn gbé ọpọ́n wọlé.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nípa suwíìtì yẹn. Ayò máa ń parí, ẹ ó dìde, ẹ ó relé. Candy Crush, láti 2012 tó ti jáde, ìpele tuntun ni wọ́n ń fi kún un. Ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fún ọ. Bí o bá kùnà, ọ̀kan lọ. O sì lè dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀kan tó padà, tàbí kí o sanwó. Bílíọ̀nù 5.9 dọ́là ni Activision Blizzard fi ra King, ilé iṣẹ́ tó ni ín, ní 2016. Owó yẹn ò já látọ̀run, ara àwọn tí kò lè dúró ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Bí mo bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ló yẹ kí n kọjú sí, kì í ṣe Àǹtí mi.

Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀mí márààrún tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ní ṣé kí n ra sí i. Wọ́n ní, "Kọ́bọ̀ wa ò ní wọ ibẹ̀." Wọ́n gbé fóònù lé tábìlì, a wá ń dúró. Níbi tí a ti ń dúró ni wọ́n ti sọ ohun tí ọkọ wọn sọ kẹ́yìn fún mi, wọn ò sọ ọ́ rí. Ọ̀rọ̀ bàtà ni, bàtà tuntun kan tí kò tíì wọ̀. Ó ní kí wọ́n fún èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bá a mu nínú àwọn ọmọ. A rẹ́rìn-ín. Àǹtí sunkún díẹ̀.

Fóònù dún: ẹ̀mí kan ti padà dé. Wọ́n nu ojú, wọ́n gbé e. Ọmọ mi sún mọ́ wọn, ó ń nàka sí aláwọ̀ ewé kan nísàlẹ̀ tí wọn ò rí.