Ajá Inú Kéèjì
Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara dẹ ajá nílé ìtọ́jú, kó má wo abọ́ oúnjẹ nìkan. Ajá tó yó, tó ń pòòyì lójú kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyà ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 1965, ìgbìmọ̀ Brambell nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ ráyè dìde, kó yíra padà, kó sì nasẹ̀.

Àwọn kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá á ní ẹran Ògún ṣáà ni. Àmọ́ pípa kì í pẹ́. Ìyà inú kéèjì lè gba oṣù. Wọ́n tún lè ní ebi ń pa ọmọ ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ajá ló ń kó dìgbòlugi ràn wá jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí dókítà ẹranko yunifásítì FUNAAB bá gún ajá, ọmọ wa ló ń dáàbò bò. Mùsùlùmí Abẹ́òkúta sì mọ hádíìsì ọkùnrin tí Ọlọ́hun dárí jì nítorí omi tó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. A ò gbọ́ pé ajá náà wúlò fún un.